Onílé Àlejò Tó Fi Ìtumọ̀ Agogo Pamọ́

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta, tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Ilé àlejò ni iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá mẹ́sàn-án ló kọ́ sí etí odò, kí àlejò lè ṣí fèrèsé kó sì rí omi náà tó ń hó funfun. Ìlú yẹn kò ní iṣẹ́ mìíràn tó tó nǹkan. Ẹni tí kò gba àlejò sílé ń se oúnjẹ fún wọn, ẹni tí kò se oúnjẹ ń ta ẹní àti apẹ̀rẹ̀ fún wọn. Bí àlejò bá fi lè sá, ebi dé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n omi tó ń bọ́ wọn yìí kì í ṣe omi tó ṣeé fọkàn tán. Bí òjò bá rọ̀ gan-an lókè, ó lè kún láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kí oòrùn sì máa ràn nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí kánsù fi gbé agogo irin ńlá kan kọ́ síwájú ọ́fíìsì wọn. Wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ kan sórí àpáta, wọ́n fún un ní fóònù. Bí ó bá ti rí omi tó ń bọ̀, yóò pè wọ́n, wọn yóò sì máa lu agogo náà láìdáwọ́ dúró. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, wọ́n máa ń lù ú lẹ́ẹ̀mẹta láti fi dán an wò. Ọjọ́ yẹn kan náà ni akọ̀wé kánsù máa ń lẹ ìwé ìkéde tuntun mọ́ pátákó: afárá tí wọ́n ń tún ṣe, ọ̀nà tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbà, bí omi ṣe ga tó lókè. Nísàlẹ̀ ìwé náà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í yí padà: kí gbogbo oníṣòwò sọ ìtumọ̀ agogo fún àlejò rẹ̀, kó sì fi ọ̀nà òkè hàn án kó tó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Kò sí ìwé ìkéde kan tí ọkùnrin wa yìí kò kà. Ó ń kà á, ó tún ń dà á kọ. Ẹ̀rù omi náà ń bà á ju gbogbo ará ìlú lọ. Ó lè dìde nídìí oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹrin kó lọ wo odò. Bí ó bá jókòó, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Bí ó bá dìde, kò mọ ibi tó ń lọ. Ó ti di ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mọ́tò rẹ̀, ọ̀nà òkè ló máa ń kọjú sí. Ìyàwó rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Bàbá Ìtùnú, odò yìí gan-an ni ẹ gbé níyàwó, kì í ṣe èmi."

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó báyìí, ó yẹ kó ti sọ fún àlejò rẹ̀, àbí? Kò sọ. Ó ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ fún tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n sì lọ sùn nílé aládùúgbò rẹ̀ tí kò sọ ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Yàtọ̀ sí èyí, bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé bí tọkọtaya bá ń jà lọ́wọ́, tí àlejò bá kanlẹ̀kùn, ẹ̀rín ni kí wọ́n fi ṣí i fún un. Ìdààmú ilé kì í ṣe ti àlejò. Ọkùnrin yìí wá ka omi mọ́ ìjà tọkọtaya. Bí àlejò bá béèrè agogo wo ló ń dún yẹn, á ní, "Agogo ilé ìwé ni." Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì bu omi tútù fún un.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún kan, àwọn ìyá mọ́kànlá kan dé sọ́dọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni gbogbo wọn. Olórí wọn ti ṣe ọ̀gá àgbà ilé ìwé fún ọdún mọ́kàndínlógún, bó bá sì wo èèyàn, olúwarẹ̀ á kọ́kọ́ wo èékánná ara rẹ̀ bóyá ó mọ́. Ní ọjọ́ Ajé, agogo dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá náà gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ọmọ mi, ilé ìwé wo ló ń lu agogo nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ?"

Ibi tó yẹ kí ọkùnrin náà ti sọ òtítọ́ nìyẹn, ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n ó wo yàrá mẹ́sàn-án tó kún fọ́fọ́.

"Ẹ má dá wọn lóhùn, màámi. Àwọn ará kánsù ló ń fi í ṣeré. Bí wọ́n tiẹ̀ lù ú títí di alẹ́, kò séwu lóko, àfi gìrì àparò."

Àwọn ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn nínú, wọ́n sì mú un jẹun títí oúnjẹ fi tán.

Ní ọjọ́rú, ojú ọ̀run lókè dúdú bí ìdí ìkòkò. Nísàlẹ̀, oòrùn ràn dáadáa. Ọkùnrin náà lọ sí odò, ó bọ̀, ó tún lọ. Ó pe ìyàwó rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ pé kó kó àwọn ọmọ, kí wọ́n lọ bá ìyá rẹ̀ bó àgbàdo lórí òkè. Ìyàwó náà wò ó lójú.

"Àwọn àlejò wa ńkọ́?"

"Wọ́n ń jẹun."

Obìnrin náà mi orí, ó kó ọmọ rẹ̀, ó lọ. Bó ṣe lọ tán ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn jáde, ìyá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ sí ẹsẹ̀ àpáta.

"Kò léwu níbẹ̀, àbí?"

Ọkùnrin náà wo òkè. Ó mọ̀ pé bó bá dá ìyá yìí dúró, ó di dandan kó sọ ìdí, bó bá sì ti sọ fún ọ̀kan, gbogbo wọn ló gbọ́ nìyẹn.

"Kò léwu, mà."

Lẹ́yìn èyí kò lè dúró sójú kan mọ́. Ó ní kóun gòkè lọ sí kánsù, bóyá ìkéde tuntun ti jáde. Ó bá akọ̀wé níbi tó ti ń lẹ ìkéde pàjáwìrì nípa òjò òkè mọ́ pátákó, ó ń tiro láti kà á lẹ́yìn rẹ̀, ni agogo bá dún. Ó kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó dún ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ó dún ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Kò dáwọ́ dúró.

Akọ̀wé ju ìwé sílẹ̀. "Ẹ sáré o! Àwọn àlejò yín ṣáà mọ ọ̀nà òkè?"

Ó ti ń sáré. Àwọn èèyàn ń gòkè bọ̀, òun nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ó pàdé ẹlẹ́ní pẹ̀lú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó pàdé olóúnjẹ tó fa àlejò méjì lọ́wọ́, ọ̀kan ṣì mú ẹran dání. Ó ń wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá. Kò rí ìyá arúgbó kankan láàárín wọn. Ẹ wò ó, ohun tó ń lé ọkùnrin yìí lọ́jọ́ náà kì í ṣe omi mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé agogo náà lè dún títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa dìde, nítorí òun ló ti fi ẹ̀rín kàn wọ́n mọ́ àga.

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì bá wọn. Àwọn ìyá mẹ́wàá jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ń jẹ iṣu àti ẹyin, agogo sì ń dún lórí wọn.

"Ẹ dìde! Omi ń bọ̀! Ẹ dìde!"

Olórí wọn wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, jókòó kó o kọ́kọ́ mí. Ṣebí ìwọ lo sọ pé bí wọ́n tiẹ̀ lù ú títí di alẹ́..."

"Kò séwu lóko!" ni àwọn yòókù fi gbè é, bí ọmọ kíláàsì kan náà, "àfi gìrì àparò!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ó pariwo, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ó fa aṣọ ọ̀kan, ìyẹn gbá a lọ́wọ́. Ìyá kan ní kí wọ́n bu omi fún un mu, pé bóyá oòrùn ló pa á. Ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìró odò ti yí padà. Ọkùnrin náà bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

"Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ̀yin ìyá mi, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé. Mo ti kó ìyàwó àtàwọn ọmọ mi lọ sórí òkè láàárọ̀ yìí."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló gbé wọn dìde. Ẹ̀rín wọn pòórá. Olórí wọn mú ọ̀pá rẹ̀, kò bú u, kò sọ nǹkan mìíràn ju pé, "Ọ̀nà dà?" Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: "Ní méjì-méjì! Ẹ fi bàtà sílẹ̀!" Wọ́n gba ilé ìdáná jáde, àwọn tó lókun ń fa àwọn tí orúnkún ń dùn. Wọn kò tí ì dé ìdajì òkè tí omi fi wọ yàrá tí wọ́n ti jẹun, tó gbé tábìlì, tó gbé àga, tó gbé ògiri pẹ̀lú.

Lórí òkè, olórí wọn kà wọ́n. Ó tún wọn kà. Mẹ́wàá ni.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí ìkọkànlá, níbi tó há sí láàárín gbòǹgbò igi kan nísàlẹ̀ odò. Ó wà láàyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán níbi méjì. Ó ti gbọ́ agogo náà dáadáa, ó sì ń ya fọ́tò lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin náà gbé ọsàn lọ kí i ní ọsibítù. Kò lè jókòó. Ìyá náà kọjú sí i.

"Nígbà tí mo bi ọ́ láàárọ̀ yẹn, ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"Gbé ọsàn rẹ."

Ó sì yí ojú sí ògiri. Ojú ti ọkùnrin náà débi pé kò rántí ọ̀nà ilẹ̀kùn.

Ọ̀rẹ́ mi, o ti ń mi orí, o ń wo ọkùnrin yẹn bí òmùgọ̀. Ó dára. Nísinsìnyí gbọ́ tìrẹ. Ẹnjiníà tó yẹ ilé alájà méjì rẹ wò lóṣù tó kọjá, mo mọ ohun tó sọ fún ọ. Mo tún mọ̀ pé o ra ọ̀dà funfun, o kun ibi tí ògiri ti sán, o sì ń sọ fún àwọn tó háyà ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ pé nítorí ọdún ni. Wọ́n yìn ọ́. O kò sùn dáadáa láti ìgbà náà, ó hàn lójú rẹ, o sì rò pé àìsùn rẹ yẹn ni ìtọ́jú tó ò ń ṣe fún wọn. Ìpayà rẹ kò lè di òrùlé mú. Má dúró jẹun níbí. Aránṣọ tó jókòó ti ògiri yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ mẹ́fà ti ṣílẹ̀kùn láti aago mẹ́jọ. Lọ sọ fún un.