Olórin Tó Gba Ojú Fèrèsé Jáde

Ọkùnrin kan wà tó ń fi agídìgbo kọrin. Orin rẹ̀ dùn dé ibi pé bí ó bá wúkọ́ láàárín ọjà, àwọn èèyàn á dúró, wọ́n á ní orin tuntun ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ń di irun tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Àwọn àgbẹ̀ ń fi orin rẹ̀ ro oko. Ìyá arúgbó tó ti yan ọmọ rẹ̀ lódì tipẹ́ á gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú rédíò, á ní kí wọ́n lọ pe ọmọ náà wá jẹun. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ, Móradéun, ọmọ àbúrò mi, nítorí o béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi lánàá, n kò sì fẹ́ kí ìdáhùn mi jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lásán.

Ohun kan ya olórin yìí sọ́tọ̀. Kì í kó elégbè lẹ́yìn. Òun nìkan ló ń rìn, pẹ̀lú agídìgbo rẹ̀ àti agbádá ńlá kan tó lè bo ẹṣin. Bí ó bá dé ìlú kan, àwọn ará ìlú náà ni elégbè rẹ̀. Òun á lé orin, wọ́n á sì gbè é. Ó máa ń sọ pé orin tí kò bá ní ègbè, bíi wèrè tó ń dá sọ̀rọ̀ ló rí.

Ní ọdún kan, baálẹ̀ ìlú kan ránṣẹ́ pè é bó ṣe máa ń pè é lọ́dọọdún. Odò ló la ìlú náà sí méjì. Ní ìhà ìhín ni ilé baálẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ọjà àti gbọ̀ngàn ìlú wà pẹ̀lú. Ní òdìkejì odò ni àwọn tí baba ńlá wọn wá ṣe lébìrà níbẹ̀ láyé àtijọ́ ń gbé. Àwọn baba ńlá wọn yìí ló po amọ̀ gbọ̀ngàn náà, àwọn ló ru òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, àwọn onílùú kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n sì ní kí wọ́n bọ́ síta, pé ojú fèrèsé ni àjèjì ń dúró sí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn dúró sí, ibẹ̀ náà ni ọmọ ọmọ wọn sì ń dúró sí títí di àkókò tí mò ń wí yìí. Ará Fèrèsé ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí ìpàdé ìlú bá ń lọ, wọ́n lè máa gbọ́ láti ìta, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, akéde ìlú á ti jágbe mọ́ ọn: "Ọ̀rọ̀ kì í gba ojú fèrèsé wọlé!" Ó ti di òwe lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá jókòó nínú gbọ̀ngàn ló ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ìlú.

Obìnrin kan láti òdìkejì ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé olórin sọdá. Iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà ló ń ṣe jẹun. Olórin ń kọrin lábẹ́lẹ̀, obìnrin náà sì ń gbè é bí ó ti ń wakọ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Inú olórin dùn púpọ̀.

"Ìyá, níbo lẹ ti kọ́ orin mi?"

"Ojú fèrèsé ni, Bàbá Olórin," obìnrin náà dáhùn. "Ọdọọdún tí ẹ bá wá ni à ń gbè yín, ẹ̀yin lẹ ò bojú wẹ̀yìn." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè kúrò nínú omi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ gbólóhùn kan. Lọ́la ni ìpàdé ìlú. Wọ́n ti kọ́ ilé ìwé tuntun, wọ́n fẹ́ pinnu àwọn ọmọ tí yóò wọ ibẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí ọwọ́ ọmọ bá ti gba orí kan etí kejì, ó tó lọ ilé ìwé nìyẹn. Ọwọ́ ọmọbìnrin mi ti kan etí tipẹ́. Àràárọ̀ ló ń nà án gba orí kọjá kó lè fi hàn mí. Bí wọ́n bá pinnu lọ́la tí ẹnu wa kò sí níbẹ̀, ó parí nìyẹn. Wọn ò ní gbọ́ tiwa. Wọ́n á gbọ́ tiyín."

Olórin wo omi. Ó mọ olórin kan tó ti bá àwọn opó kan sọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn níwájú àwọn ìjòyè. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pè é mọ́, àní síbi ìsọmọlórúkọ. Ó tún mọ̀ pé ọ̀rọ̀ baálẹ̀ yìí ń rìn jìnnà. Bí ó bá ṣẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀nà ló máa dí.

"Orin ni wọ́n pè mí wá kọ, ìyá," ó wí.

Obìnrin náà kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ti àjẹ̀ rẹ̀ bọ omi, ó sì ń bá ègbè orin náà lọ títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Èyí gan-an ló dun olórin jù. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí obìnrin náà bú u.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn ìjòyè jókòó síwájú lórí àga onítìmùtìmù, iyán àti ẹran ìgbẹ́ ti kún inú wọn, ojú wọn sì ń wálẹ̀. Olórin ta agídìgbo, ó lé orin. Ègbè tó jáde látinú ilé dà bí ohùn ẹni tí eyín ń dùn. Ó tún un lé. Ìgbà yìí ni ègbè gidi ya wọlé láti ojú fèrèsé gbogbo, ohùn àwọn ọkùnrin nísàlẹ̀, ti àwọn obìnrin lókè, ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí olórin fi gbàgbé ẹsẹ̀ orin tó kàn. Ó wo ibẹ̀. Orí èèyàn kún ojú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, obìnrin ọlọ́kọ̀ wà láàárín wọn, ó ń fi gbogbo ara gbè é.

Olórin wá ń rò ó bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ta. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í gba ojú fèrèsé wọlé. Ègbè ńkọ́? Ṣebí ibẹ̀ ló ń gbà wọlé láti ọdún tó ti ń wá. Bí a bá sì yọ ègbè yìí kúrò, kí ló kù nínú orin òun? Àwọn èèyàn yìí ti gbè é dé ipò ọlá, òun kò tíì gbè wọ́n rí. Ẹ̀rù bà á. Síbẹ̀ ó gbé ọwọ́ kúrò lórí agídìgbo.

"Olórin, kí ló dé?" baálẹ̀ béèrè. "Ṣé òùngbẹ ni?"

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ègbè mi ni kò sí nínú ilé. Ìta ló wà."

Akéde ti nà dìde. "Ará Fèrèsé nìwọ̀nyẹn. Wọn kì í wọlé!"

"Mo ti gbọ́," ni olórin wí. "Wọn kì í wọlé. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sọ pé èmi ò gbọdọ̀ jáde."

Ló bá ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó gbé agídìgbo há abíyá, ó sì na ẹsẹ̀ kan gba ojú fèrèsé. Jíjáde yìí kò rọrùn o. Olórin kì í ṣe èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́, fèrèsé náà kò sì fẹ̀ tó orúkọ rẹ̀. Ìkọ́ fèrèsé mú agbádá. Àwọn ará ìta ń fà á lọ́wọ́, ìjòyè kan di etí agbádá mú láti inú ilé, ó ń pariwo pé, "Olórin wa ni! Olórin wa ni!" Ààbọ̀ rẹ̀ wà nílé, ààbọ̀ rẹ̀ wà níta, ó sì ń kọrin lọ. Lẹ́yìn náà ni agbádá ya, fààà. Olórin já bọ́, àwọn Ará Fèrèsé sì fi ọwọ́ gbà á kó tó kanlẹ̀.

Bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀ níta nìyẹn. Ṣé o mọ bí orin ṣe máa ń ṣe èèyàn bó bá ń dùn lẹ́yìn ògiri? Àwọn tó jókòó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan yọ́ dìde lọ yọjú. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́lá fi ń fi ìgúnpá taari ara wọn lójú fèrèsé, fìlà ń run, ìlẹ̀kẹ̀ ń há. Baálẹ̀ nìkan ló kù lórí àga nínú gbọ̀ngàn tó ṣófo. Ó fi sùúrù mú un mọ́ra títí. Ṣùgbọ́n orin kan wà tí olórin máa ń fi ki ìyá baálẹ̀ tó ti kú, tó máa ń kọ ọ́ kẹ́yìn, baálẹ̀ sì fẹ́ràn orin náà ju oúnjẹ lọ. Nígbà tó rí i pé ilẹ̀ ń ṣú lọ, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Òun náà lọ síbi fèrèsé, ó ti orí bọ àárín àwọn ìjòyè rẹ̀, ó sì ké:

"Olórin! Orin ìyá mi! Má gbàgbé orin ìyá mi o!"

Olórin dá agídìgbo dúró. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, torí ọ̀wọ̀ kò ní kó má sí. Ó wá gbé ojú sókè.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ kì í gba ojú fèrèsé wọlé. Ṣé ó wá ń gba ibẹ̀ jáde ni?"

Obìnrin ọlọ́kọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Olórin wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó sì rò pé iṣẹ́ òun ti parí lónìí. Baálẹ̀ wo ọ̀tún: ìjòyè Ọ̀tún rẹ̀ ló há síbẹ̀, tí fìlà ti bọ́ lórí rẹ̀. Ó wo òsì: akéde fúnra rẹ̀ ló fi ikùn lé igi fèrèsé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Ikùn baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí omi fi dà lójú rẹ̀.

"Ẹ wò mí o! Èmi náà ti di Ará Fèrèsé nínú ìlú tí baba mi tẹ̀ dó!" Ó nu ojú. "Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo. Mo ti gbọ́ tìrẹ. Dìde, wọlé wá."

"Èmi àti ègbè mi, Baálẹ̀?"

"Ìwọ àti ègbè rẹ. Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ gbà o. Agbádá kan ti tó fún òní."

Wọ́n wọlé. Àwọn ìjòyè sún ìdí, wọ́n tẹ́ ẹní kún àga, gbogbo wọn sì jókòó. Olórin kọ orin ìyá baálẹ̀, ègbè sì pé. Bí baálẹ̀ ṣe jó lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn ìyàwó rẹ̀ kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ tán títí ọdún fi yí po.

Lọ́jọ́ kejì, ìpàdé bẹ̀rẹ̀, obìnrin ọlọ́kọ̀ sì dìde láti sọ̀rọ̀. Akéde la ẹnu láti jágbe mọ́ ọn. Ó wò ó, ó rí i pé orí ìjókòó ló ti dìde, kì í ṣe ojú fèrèsé. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ àti ọmọ gbogbo wọn, wọ́n sì gbọ́ ọ dé òpin. Nígbà tí ilé ìwé náà ṣí, ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí ọmọbìnrin yẹn fi ọwọ́ kan etí. Òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ gba orí kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbé e síbẹ̀ títí ó fi wọlé.

N kò ní tàn ọ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni inú wọn dùn. Ìlú mélòó kan kò pe olórin lọ́dún náà, wọ́n ní ẹ̀gún ti wà nínú orin rẹ̀. Ó fi aṣọ àwọ̀ mìíràn lẹ agbádá tó ya, kò sì bọ́ ọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè àlẹ̀mọ́ yẹn, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa á kó tó dáhùn.

Móradéun, ìwọ ni olórin yẹn. O sọ fún mi lánàá pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ìlú yín fẹ́ péjọ lọ́jọ́ Sátidé, pé wọ́n ń béèrè ọjọ́ ìsinmi, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn ọ̀gá yé nà wọ́n, kí wọ́n yé tì wọ́n mọ́lé. Wọ́n ní kí o wá dúró tì wọ́n. O ní eré orí ìtàgé àti ti fíìmù ni iṣẹ́ rẹ, pé àwọn tó ń pè ọ́ sí eré lè bínú, o sì bi mí bóyá kí o lọ. Òótọ́ ni, wọ́n lè bínú. Agbádá lè ya.

Ṣùgbọ́n rántí ilé tí wọ́n ti ń wo eré rẹ. Ọ̀gá jókòó sórí àga, ó ń sùn lọ. Ta ló dúró lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tó ń nu àwo kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin? Òun ló kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Òun ló ń sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ kejì pé, "Ẹ ò rí ohun tí Móradéun ṣe!" Ẹnu rẹ̀ ni òkìkí rẹ gbà dé ìgboro.

Ó ti pẹ́ tí o ti ń lé, tí wọ́n sì ń gbè ọ́. Ní Sátidé, àwọn ló fẹ́ lé. Lọ gbè wọ́n.