Ẹni Tó Yí Sitiárìn fún Láníyọnu

Olóyè Adégbìjà, onílé tí Láníyọnu ń gbé nínú ilé rẹ̀, ní kí jíìpù Láníyọnu tó ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú, tó sì ń ró bí wọ́n bá yí sitiárìn rẹ̀, dára kó tó di ìrọ̀lẹ́, láìjẹ́ pé mẹkáníìkì tàbí olùrànlọ́wọ́ kankan wọ ọgbà òun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tó ń ra àlòkù irin ni yóò gbé e lọ. Ọkọ̀ yẹn nìkan ló sì lè gun òkè dé ibojì Ìbídùn, ìyàwó Láníyọnu. Iṣẹ́ ẹni méjì ni: ẹnì kan á máa yí sitiárìn, ẹnì kejì á máa wo ibi tó ti dẹ̀ lábẹ́. Láníyọnu mú sípánà, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó ní, "Olóyè, mi ò rò pé gbígbọ̀n rẹ̀ pọ̀ tó bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ o." "Èmi lò ń pè ní òpùrọ́?" Olóyè bá fò sídìí sitiárìn, ó ń fi ìbínú yí i sọ́tùn-ún sósì. "Ṣé etí ẹ di ni? O ò gbọ́ bó ṣe ń ró gbàgà-gbàgà?" "Ẹ tún yí i, sà." Láníyọnu ti rí nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ lára irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, ó sì dè é le dáadáa. Olóyè tún yí i, kò ró mọ́. "Ta lo fi pamọ́ tó ràn ẹ́ lọ́wọ́?" "Ẹ̀yin ni, sà. Ìbídùn ló máa ń jókòó síbẹ̀ yẹn bá mi yí i." Olóyè sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ ṣí géètì fún un fúnra rẹ̀.