Àkísà Tó Gbé Ẹyẹ Bébà Dúró

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní abà Ìdí-Àpá, a kì í dá a dúró síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá pa á, ẹlòmíràn á fi kún un pé: "Àkísà náà ló sì gbé ẹyẹ dúró lójú ọ̀run." Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí apá kejì yìí ti wá? Àwọn ará abà tó múlé tì wá ń sọ pé àwọn ló ni ín. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọ̀dọ̀ Bàbá Olóyèdé ló ti wá, lọ́dún tí Kérésìmesì bá wa nínú òkùnkùn.

Lọ́dún náà, ọmọ Olóyèdé ọkùnrin tó ń gbé ní Èkó kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjì wá lo ọlidé lọ́dọ̀ bàbá àgbà wọn. Mọ́ríyíkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n, obìnrin, ó ti fẹ́ máa di ọmọge. Ìṣọ̀lá ni àbúrò, ọkùnrin, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Inú bàbá dùn púpọ̀. Láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń dá jẹun àárọ̀. Ó pa àkùkọ, ó ra bisikíìtì, ó gbá àgbàlá mọ́ tónítóní. Àmọ́ tiransifọ́mà abà ti jó láti ìgbà òjò. Kò pẹ́ tí fóònù àwọn ọmọ fi kú. Tẹlifíṣọ̀n dúró sí kọ̀rọ̀ bí àpótí òkú. Ni ojú àwọn ọmọ bá fà ro.

Bàbá gbé ọpọ́n ayò jáde. Ìṣọ̀lá wò ó títí.

"Bàbá àgbà, ibo la ti ń tẹ̀ ẹ́?"

"Wọn kì í tẹ ayò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó o."

"Ẹ̀mí mélòó la ní nínú ẹ̀?"

"Ẹ̀mí kan náà tí Ọlọ́run fún ọ ni. Jókòó dáadáa!"

Wọn kò ta á dé ibì kan tó fi sú ọmọ náà. Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ àlọ́ Ìjàpá. Mọ́ríyíkẹ́ rọra ní àwọn ti wo èyí rí nínú fóònù, pé òyìnbó ni Ìjàpá ibẹ̀ ń sọ. Bàbá pa àlọ́ náà tì. Ìjàpá wo ló ń sọ òyìnbó?

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Mọ́ríyíkẹ́ yá fóònù aládùúgbò, ó pe ìyá rẹ̀. Ohùn fóònù náà ròkè; bàbá wà lẹ́yìn ilé, gbogbo ohun tí ìyá sọ ló wọ̀ ọ́ létí. Ó ní bí abà bá sú wọn, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ wá kó wọn padà sí Èkó.

Ó dun bàbá dé egungun. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ yìí kan náà ló wá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó gbá yàrá bàbá, tó wọ́ àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àkísà ló kún inú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká dáná sun pàǹtí yìí, kí eku má bàa bímọ síbẹ̀." Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti àpótí náà ní kọ́kọ́rọ́, kò sì gbàgbé. Kì í ṣe ẹni tó ń gbàgbé. Ṣòkòtò kaakí tó wọ̀ lọ́jọ́ tó kúrò ní ilé ìwé ní kíláàsì kẹrin wà níbẹ̀, ọjọ́ tí tíṣà nà án lórí ohun tí kò ṣe. Títí tíṣà náà fi kú, Olóyèdé kò kí i. Dàńṣíkí oko rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìró àdìrẹ tí Àwẹ̀ró fi pọn gbogbo ọmọ wọn náà wà níbẹ̀, ó ti gbó débi pé ènìyàn lè ríran gbà á kọjá.

Lọ́jọ́bọ̀, ọyẹ́ ń fẹ́ bí ẹni tí inú ń bí. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ bébà bọ́ sí Mọ́ríyíkẹ́ lẹ́nu, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní káìtì. Ojú bàbá là. Òun náà ti ṣe é rí lọ́mọdé! Wọ́n fa ẹyọ ìgbálẹ̀ mélòó kan yọ, wọ́n fi ẹ̀kọ tutù lẹ bébà mọ́ ọn, bàbá sì mú òwú tó fi ń rán àpò kòkó wá. Wọ́n lọ sí pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹyẹ náà gbéra díẹ̀, ó pòòyì, ó forí sọlẹ̀. Wọ́n tún jù ú, ó tún forí sọlẹ̀.

"Kò nírù ni," ni bàbá wí. "Ẹyẹ tí kò nírù kò lè mọ ibi tó ń lọ."

Mọ́ríyíkẹ́ sáré relé, ó mú ìgbànú aṣọ Kérésìmesì rẹ̀ wá. Aṣọ tuntun náà nípọn, ó fa ẹyẹ mọ́lẹ̀ pátápátá. Bàbá ní aṣọ tó ti gbó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ni afẹ́fẹ́ lè gbé. Ìṣọ̀lá tú gbogbo báàgì wọn sórí ẹní. Ó ṣàwárí títí.

"Bàbá àgbà, aṣọ wa pọ̀ o. Ṣùgbọ́n a ò ní àkísà kankan."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí ó mọ ibi tí àkísà wà.

Ó wọ yàrá, ó jókòó ti àpótí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí òun bá ya ìró Àwẹ̀ró, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè rán an padà. Bí òun kò bá sì ya á, ọkọ̀ Èkó ń bọ̀ lọ́la. Kaakí le jù. Dàńṣíkí wúwo. Ó mú ìró náà, ó di ojú, ó ya á. Aṣọ náà kò tilẹ̀ pariwo.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, Mọ́ríyíkẹ́ di òwú mú, ó sáré, Ìṣọ̀lá ju ẹyẹ sókè. Ó mì lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Ìrù rẹ̀ na gbọọrọ, ó mú un dúró. Ló bá ń lọ. Ó kọjá òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọjá orí igi àpá, ó wọ inú ọyẹ́ funfun, títí ó fi dúró gbọin bí ohun tí a so mọ́ ọ̀run. Oòrùn yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gba inú àdìrẹ náà kọjá, aró tó ti ṣá láti ọjọ́ pípẹ́ tún jí lójú gbogbo ayé. Ìṣọ̀lá tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń lọ sóko sọ ẹrù kalẹ̀. Obìnrin kan tó ń ti odò bọ̀ gbàgbé pé omi wà lórí òun. Gbogbo wọn gbé ojú sókè bí ẹni tó wà níwájú pẹpẹ.

Mọ́ríyíkẹ́ na òwú sí bàbá. Bàbá gbà á. Òwú náà ń fà, ó ń dẹ̀, ó tún ń fà, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Olóyèdé mọ ìfà yẹn. Ó ti rí i rí lẹ́yìn Àwẹ̀ró, nínú aṣọ yẹn kan náà.

Ibẹ̀ ni ìyá àwọn ọmọ bá wọn. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbé ojú sókè, kò rántí kí ẹnikẹ́ni.

"Bàbá… kí nìyẹn?"

"Pàǹtí ni," ni bàbá dáhùn, kò wo ojú rẹ̀. "Èyí tí o ní ká dáná sun."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú aṣọ òde lọ́rùn. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò mọ̀."

"O kò lè mọ̀. Aṣọ tìrẹ ṣì tuntun."

Bóyá ó dárí jì í lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè sọ. Ìbínú ọdún mẹ́ta kì í jáde tán lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn na òwú sí i. "Dì í mú. Má fà á jù."

Nígbà tó yá, ìyá ní kí àwọn ọmọ lọ kó ẹrù wọn. Ìṣọ̀lá kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lókè. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣì máa lọ ná. Ó di ẹ̀yìn ọdún." Òfìfo ni awakọ̀ gbé ọkọ̀ náà padà sí Èkó. Ìyá kò bá a lọ, nítorí òwú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni òwe yẹn ti nírù lọ́dọ̀ wa. Bí ọmọdé bá ń fi ohun tuntun yangàn lójú arúgbó, tàbí tí ẹnì kan bá fẹ́ da ohun àtijọ́ nù láìbéèrè ìdí tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, àgbà á ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Á dákẹ́. Ẹni tó bá wà nítòsí á wo òkè, á sì dá a lóhùn pé: "Àkísà náà ló sì gbé ẹyẹ dúró lójú ọ̀run."