Gèlè Tó Yí Ọkọ̀ Padà

Dúró ná, ìwọ òǹkàwé, fetí sílẹ̀: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Adébámbò gba ọkọ̀ ojú omi kan láti fi ẹwà ọ̀sà han ìyá ìyàwó rẹ̀, Màmá Ìbídùn, láti àárọ̀ dalẹ́. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, àfi màmá. Abúlé tí wọ́n bí i sí ni wọ́n ń kọjá lọ. Ibẹ̀ ni Àbọ̀sẹ̀dé, àbúrò rẹ̀, wà, tí kò rí mọ́ láti ìgbà tí màmá ti relé ọkọ. Ṣùgbọ́n ojú àna ń tì í.

“Ẹ bá a sọ ọ́, màmá,” ni Ìbídùn ọmọ rẹ̀ wí.

“Kí n máa darí ọkọ̀ fún àna mi?”

“Bí afọ́jú Jẹ́ríkò bá wo ojú èèyàn, tí kò ké pe Jésù, ṣé ì bá ríran?”

Abúlé ti ń di ẹ̀yìn. Màmá dìde, ó tú gèlè rẹ̀, ó ń fì í, bí àwọn ará ọ̀sà ti í ṣe bí wọ́n bá fẹ́ kí ọkọ̀ yà. “Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yà níbẹ̀ yẹn.”

Adébámbò dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀. “Mà, nítorí yín ni mo ṣe gba ọkọ̀ yìí.”

Ọkọ̀ yí padà. Arúgbó kan dúró létí omi, ó ń wò wọ́n.

“Àbọ̀sẹ̀dé, èmi ni,” ni màmá ké sí i.

Arúgbó náà tú gèlè tirẹ̀, ó ń fì í bí àsíá ìṣẹ́gun, ó ń wọ́ omi bọ̀ wá pàdé wọn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ọkọ yìí mà jìn o.” Ni orin ìyìn bá gba ẹnu gbogbo wọn.

Ìwọ tí ìtìjú ti dí lẹ́nu níwájú èèyàn àti níwájú Ọlọ́run, mo bẹ̀ ọ́, yí padà lónìí, kí o béèrè.