Màrìwò Ọdẹ́yínká

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn oko wọ igbó, ó dá lórí ọdẹ kan àti Ehoro ẹlẹ́fẹ̀. Àjíún, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò níwájú iná. Ẹ jókòó dáadáa. Tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ tètè rín in, nítorí àlọ́ yìí kì í dùn dé òpin.

Ọdẹ kan wà, Ọdẹ́yínká lorúkọ rẹ̀. Ó ní ìbọn ṣakabùlà, ó ní àpò ọdẹ, ó ní fìlà tó gùn dé èjìká. Kò sí ohun tí ọdẹ ń ní tí kò ní, àfi ẹran. Láti ìgbà tó ti ń ṣọdẹ, kò pa eku rí. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Eku!

Awẹ̀ró ni ìyá rẹ̀. Opó ni, ó ti darúgbó, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló sì bí. Gbogbo ìlú ló ń fi Ọdẹ́yínká ṣe yẹ̀yẹ́, Awẹ̀ró nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá lọ sígbó, á lọ ata, á gbé omi ka iná, á jókòó tì í. Àwọn aládùúgbò á ní, "Ìyá Ọdẹ́yínká, ata yẹn á tún bàjẹ́ o." Á ní, "Tiyín ni kí ẹ máa wò. Ọmọ mi ń bọ̀." Tí ọmọ bá wá dé lọ́wọ́ òfo, á ní, "Kò burú, wẹ ara rẹ, kí o sinmi." Ilẹ̀ á mọ́, á tún lọ ata.

Ohun kan ṣoṣo ni Ọdẹ́yínká ń wá láyé: kó gbé ẹran wọlé fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ìyá náà tó kú.

Kí ló wá ń ṣe é? Ẹnu ni! Ọdẹ́yínká gbà pé kò yẹ kí akọni pa ẹran tí kò mọ orúkọ ẹni tó pa òun. Tó bá rí ìgalà, á dìde fùú láàárín koríko, á na ìbọn, á kígbe:

"Ìwọ ìgalà! Dúró kí o gbọ́! Èmi ni Ọdẹ́yínká, ọmọ Awẹ̀ró! Òní ni òpin rẹ!"

Ìgalà á gbé orí sókè. Á jẹ koríko ẹnu rẹ̀ tán, á gbọ́ ọ dé ìdajì, á bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni ìbọn á tó dún, gbòà! Igi ọ̀pẹ ni ọta á bà. Ọdẹ́yínká á fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, á pariwo tẹ̀ lé e pé, "Ẹ dúró dè mí lọ́la! Ẹ ò tíì mọ̀ mí!"

Lọ́jọ́ kan ó fi ewé bo ara rẹ̀ kó lè jọ igbó. Àwọn ìjàlọ gbà pé igbó ni lóòótọ́, wọ́n gba inú ṣòkòtò rẹ̀ kọjá. Ìhòòhò ló bá délé. Ẹ máa rín in, ìlú náà rín in. Awẹ̀ró ló fi epo pa á lára, tó sì ń bú àwọn ìjàlọ.

Ó wá ní òun á gbẹ́ ihò sójú ọ̀nà ẹran. Ihò jíjìn ni, wọ́n á ri igi ṣóńṣó mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi ewé bo ojú rẹ̀. Òfin àwọn ọdẹ ìlú náà sì ni pé ẹni tó bá gbẹ́ ihò gbọ́dọ̀ so màrìwò rọ̀ sójú ọ̀nà ibẹ̀, kí ènìyàn tó bá ń bọ̀ lè rí i, kó yà. Ọdẹ́yínká gbẹ́ ihò, ó so màrìwò.

Ehoro ń wò ó. Nígbà náà, Ehoro ní ohùn, ohùn rẹ̀ sì dùn ju ti ẹyẹ lọ. Ó wo màrìwò, ó wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ó yé e. Ó pe gbogbo ẹran jọ, ó ní, "Ibi tí ẹ bá ti rí ewé ọ̀pẹ tó so rọ̀, ẹ yà." Ó wá jókòó sétí ihò, ó dá orin. Ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Ọdẹ́yínká, mo rí ọ o!
Ègbè: Ṣẹ̀kẹ̀lẹ̀ ṣẹ̀.
Lílé: Mo rí ihò tí o gbẹ́.
Ègbè: Ṣẹ̀kẹ̀lẹ̀ ṣẹ̀.
Lílé: Màrìwò ló sọ fún mi.
Ègbè: Ṣẹ̀kẹ̀lẹ̀ ṣẹ̀.
Lílé: Lọ́wọ́ òfo lo máa délé.
Ègbè: Ṣẹ̀kẹ̀lẹ̀ ṣẹ̀.

Orin náà wọ ìlú. Àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ lójúde Awẹ̀ró, wọ́n ń fi jó. Ó dun ìyá àgbà yẹn dé egungun.

Ọdẹ́yínká jókòó, ó ronú. "Màrìwò! Màrìwò ló ń tú àṣírí mi!" Ọgbọ́n kan bá sọ sí i. Ọ̀nà odò pín sí méjì nínú igbó. Ó gbẹ́ ihò tuntun sí ọ̀nà òsì, ó bò ó dáadáa, kò so nǹkan kan síbẹ̀. Ọ̀nà ọ̀tún, tí kò sí ihò kankan, ibẹ̀ ló so màrìwò sí. Ẹran á rí màrìwò lọ́tùn-ún, á sá gba òsì, á sì bọ́ sínú ihò. Ó rẹ́rìn-ín, òun nìkan láàárín igbó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ẹ wá wò ó o. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ohun tó bá rò láàárọ̀, ìlú á ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀tẹ̀ yìí ló pa ẹnu mọ́. Kò sọ fún Olúọdẹ. Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kó sọ̀rọ̀ láyé rẹ̀, ọjọ́ náà ló dákẹ́. Inú máa ń bí mi tí mo bá dé ibí yìí.

Ó lọ lúgọ lẹ́yìn òkìtì ọ̀gán láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Oòrùn là, oòrùn mú, kò wá sílé wá jẹun. Awẹ̀ró ní, "Ebi á ti máa pa ọmọ mi." Ó sun iṣu, ó wé e, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó forí lé igbó.

Ó dé ibi tí ọ̀nà ti pín. Ó rí màrìwò lọ́tùn-ún. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Wọ́n ní ọmọ mi ò mọṣẹ́. Ẹ ò rí i bó ṣe so ó dáadáa?" Ó yà sí òsì.

Ehoro wà lábẹ́ igi kékeré kan. Ó ti rí ibi tí ọdẹ gbẹ́, ẹ̀rín ló ń kó jọ de ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó rí ìyá àgbà, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó fò sójú ọ̀nà, ó dá orin. Ẹ gbè é:

Lílé: Ìyá àgbà, ẹ má gba ibẹ̀ o!
Ègbè: Ṣẹ̀kẹ̀lẹ̀ ṣẹ̀.
Lílé: Màrìwò yẹn, irọ́ ló ń pa.
Ègbè: Ṣẹ̀kẹ̀lẹ̀ ṣẹ̀.
Lílé: Ihò ń bẹ níwájú yín.
Ègbè: Ṣẹ̀kẹ̀lẹ̀ ṣẹ̀.
Lílé: Mo bẹ̀ yín, ẹ padà sílé.
Ègbè: Ṣẹ̀kẹ̀lẹ̀ ṣẹ̀.

Àmọ́ ohùn orin kan náà ni! Ohùn tí wọ́n ti fi bú ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Awẹ̀ró ò tilẹ̀ fetí sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ Ehoro, o tún dé? O fi ọmọ mi ṣẹ̀sín tán, èmi ló wá kàn? Kúrò lọ́nà mi!" Ó ju ọ̀pá lù ú. Ehoro fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Awẹ̀ró gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé ìkejì. Ó gbé ìkẹta.

Gbì!

Ọdẹ́yínká gbọ́ ọ. Ṣé ẹ rò pé ó sáré lọ wo inú ihò? Orí òkìtì ọ̀gán ló gùn!

"Gbogbo ẹran igbó, ẹ jáde wá! Èmi ni Ọdẹ́yínká, ọmọ Awẹ̀ró! Ta ló sọ pé mi ò lè pa á? Ẹ wá rẹ́rìn-ín báyìí! Ìyá mi máa jẹran lónìí!"

Ó jó. Ó tún un sọ. Ó yìnbọn sókè, ó tún jó. Ẹ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn, mo ní ẹ dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń dà nísàlẹ̀, ọmọ ń jó lókè.

Nígbà tó wá yọjú wo inú ihò, ìyá rẹ̀ ló ń wò ó. Iṣu ti fọ́n ká lára rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ́yínká, ìwọ nìyẹn? Mo gbọ́ igbe rẹ. Ṣé o ti pa á?"

Ọdẹ dọ̀bálẹ̀ sétí ihò, ó na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Mo ti pa á, ìyá mi."

Awẹ̀ró rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Mo sọ fún wọn." Ó sì kú.

Àwọn ọdẹ wá gbé e. Olúọdẹ dúró níwájú màrìwò, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọwọ́ ta ló so èyí?" Ọdẹ́yínká ní, "Ọwọ́ mi ni." Wọn ò lù ú, wọn ò bú u. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n yí ẹ̀yìn padà, kò sì sẹ́ni tó tún dáhùn ìkíni rẹ̀ títí ó fi kú. Ó tọ́ sí i. Àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, kí n má parọ́.

Ehoro ńkọ́? Ehoro padà sétí ihò yẹn, ó ya ẹnu, kò lè kọrin. Ó rò ó pé ká ní òun ò fi ohùn yẹn ṣẹ̀sín rí, ìyá àgbà ì bá gbọ́. Ó gbé ohùn náà mì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo igbó fi ń dún tí ẹ kì í gbọ́ ti ehoro. Tó bá rí ènìyàn, á na etí sókè, ẹnu rẹ̀ á máa gbọ̀n bíi ti ẹni tó fẹ́ kìlọ̀. Kò ní sọ nǹkan kan. Á sá lọ.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi dúró sí, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Bí mo bá parọ́ mọ́ Awẹ̀ró, kí ahọ́n mi wúwo bí ọmọ ọlọ. Bí mi ò bá parọ́, ẹ dìde, kí olúkúlùkù lọ bá ìyá rẹ̀.