Bi Kọ́ìlì Léèrè Kó O Tó Ra Gílóòbù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà mí, mo kí yín o. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, kì í ṣe wọ́n-ní-wọ́n-pé. Lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Ògùn, àgbà máa ń sọ pé, "Bi kọ́ìlì léèrè kó o tó ra gílóòbù." Ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá?

Ọ̀rẹ́ mi Òjélabí ló fẹ́ gbéyàwó. Alùpùpù kékeré àtijọ́ kan ni bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, iná iwájú ẹ̀ ò ju ti tanátaná lọ. Bẹ́ẹ̀, nílùú wa, ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó ń lọ ilé ọkọ, iná alùpùpù ọkọ ló sì ń ṣáájú ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí iná yẹn ò tàn dáadáa, ìyàwó padà wọlé bàbá ẹ̀ nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Òjélabí bá lọ ra gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ akẹ́rù. Lámídì, ríwáyà tó ń bá wa tún iná ṣe, fi bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù dán an wò. Ó mọ́lẹ̀ gbòò, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ó dè é mọ́ alùpùpù, ó di ilé àna.

Òjélabí fẹsẹ̀ ta ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, iná kàn pọ́n bí ẹyin iná ni, kò mọ́lẹ̀.

Ṣàngódèyí, àbúrò bàbá ìyàwó, tẹjú mọ́ ọn. "Àna mi, iná nìyí, àbí ojú ẹni tó mu ògógóró sùn?"

Òjélabí yíjú sí Lámídì. "Ìwọ lo ní ó dáa."

"Bátìrì akẹ́rù ló gbé e lẹ́ẹ̀kan. Kọ́ìlì tó ń pèsè iná nínú ẹ́ńjìnnì ẹ ló máa gbé e báyìí, agbára ẹ̀ ò dé e. A ò sì bi í."

"Ṣé ó máa dáhùn ni?"

"Ó ti ń dá ọ lóhùn yìí."

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Lámídì tú ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́ìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé wáyà bàbà tuntun mọ́ ọn, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní kẹ́nì kan bá òun fa wáyà kó le. Àfi bí Àdùbí ìyàwó ṣe dìde lórí ẹní tòun taṣọ ìyàwó, ó di wáyà mú. Àwọn ìyá ní ìyàwó kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ó ní, "Ta ni wọ́n fẹ́ dá padà wọlé, èmi àbí ẹ̀yin?"

Lámídì dá kọ́ìlì padà, ó pààrọ̀ wáyà gbígbó tó lọ síbi iná iwájú. Oòrùn ku bíńtín. Òjélabí fẹsẹ̀ ta á. Iná bo gbogbo ojú ọ̀nà, ewúrẹ́ tó sùn síbẹ̀ fò dìde, orí wa wú. Ṣàngódèyí fọwọ́ bojú, ó ní, "Ẹ máa gbé ìyàwó yín lọ, kí iná yìí tó fọ́ mi lójú."

Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pa á lówe. Bí wọ́n bá rí ẹni tó ń kó ohun ńlá jọ láì wo ohun tó máa gbé e ró, bí ẹni tó fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ìpìlẹ̀ ilé alámọ̀, àgbà á ní, "Bi kọ́ìlì léèrè kó o tó ra gílóòbù." Ẹ̀yin náà, òwe wo lẹ mọ orísun ẹ̀ ládùúgbò yín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Kó tiẹ̀ jẹ́ orí bébà tí wọ́n fi wé àkàrà, màá kà á.