Irin Tí Oyèwùsì Yọ́

Alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo ló wà ní Ìsàlẹ̀-Àpáta, Ògúnlẹ́yẹ ni. Ọwọ́ Oyèwùsì, ẹni tó ń yọ́ irin láti inú òkúta, ló ti ń ra irin tó fi ń rọ ọkọ́. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kán mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan kán, ó ta lu àgbẹ̀ kan, Adéwùmí, ní ojúgun, ó sì là á dé eegun.

"Irin mi dára," ni Oyèwùsì ń sọ kiri. "Ọwọ́ Ògúnlẹ́yẹ ni kò dára mọ́."

Baálẹ̀ wá fẹ́ gba òòlù lọ́wọ́ Ògúnlẹ́yẹ, kí ó sì ti àgbẹ̀dẹ rẹ̀ pa. Inú bí Ògúnlẹ́yẹ. Òun tí baba rẹ̀ rọ ọkọ́ títí ó fi kú! Òun ni wọ́n fẹ́ sọ di ọ̀bayéjẹ́!

"Baálẹ̀, kí ẹ tó gba òòlù mi, ẹ ní kí Oyèwùsì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú irin wá láti ilé rẹ̀. Kí gbogbo ìlú wá wòran."

Oyèwùsì mú irin wá, ó ń yan fanda. Ògúnlẹ́yẹ gbé e lé orí owú, ó rọra ń fi òòlù kàn án káàkiri. Kín-ín. Kín-ín. Kín-ín. Pọ̀.

Ó dúró. Ó ti irin bọ iná títí ó fi pọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ojú ibi tí kò dún yẹn. Ó lù ú, ó tún lù ú.

"Ẹ wo ẹyẹ àkókó!" ni ẹnì kan kígbe. Ẹ̀rín sọ.

"Ìbínú ti yí i lórí," ni obìnrin kan fèsì.

Oyèwùsì náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó tó báyìí! Irin wo ni kò ní bàjẹ́ bí wọ́n bá ń lù ú báyẹn?"

Baálẹ̀ wò ó. "O ní irin rẹ dára. Kí ló wá ń já ọ láyà?"

Òòlù tún sọ̀ kalẹ̀. Irin là! Nǹkan dúdú kan fọ́ wómúwómú láàárín rẹ̀, iná aláwọ̀ aró sọ, èéfín rẹ̀ sì fún gbogbo èèyàn lọ́fun. Baálẹ̀ fi aṣọ bo imú.

"Imí-ọjọ́!" ni Baálẹ̀ kígbe.

"Òun náà ni!" Ògúnlẹ́yẹ ju òòlù sílẹ̀. "Èédú náà kì í dún bí irin, ṣùgbọ́n èédú ló ń bá wa gba irin lọ́wọ́ òkúta. Ọmọ ìyá atẹ́gùn ni imí-ọjọ́. Atẹ́gùn ń fi ìpẹtà jẹ irin láti òde, imí-ọjọ́ ń jẹ ẹ́ láti inú. Kò ṣeé lù pẹlẹbẹ, kò ṣeé fà gùn, àfi kó fọ́. Oyèwùsì, níbo lo ti wa òkúta yìí?"

Oyèwùsì wolẹ̀. "Ọ̀gbun Olóòórùn."

"Òkè tí baba rẹ ti ń wa òkúta ńkọ́?"

"Ó... ó jìnnà."

"Ó jìnnà! Ojúgun Adéwùmí ló wá sún mọ́ ọ!"

Baálẹ̀ pàṣẹ pé kí Oyèwùsì pààrọ̀ gbogbo ọkọ́ tó kán, kí ó sì máa roko Adéwùmí títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi jinná. Oyèwùsì fẹ́ bẹ Ògúnlẹ́yẹ. Ìyẹn kẹ́yìn sí i, ó ń fẹ́ iná rẹ̀.

Ẹni tó pè é ní ẹyẹ àkókó ti yọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di òwe lẹ́nu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń sọ pé: alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.